Ṣíìpù wo ló yẹ iná ọ̀ṣọ́ ìta: WS2811, WS2812B àbí WS2815?

Àbẹ̀ní_Ọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo fẹ́ fi iná LED tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá yí àwọ̀ tirẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ iwájú ilé, ṣùgbọ́n orúkọ ṣíìpù tó wà lóde ti pọ̀ kọjá ohun tí orí mi gbà.

Iṣẹ́ náà nìyí: etí òrùlé, mítà 18. Lẹ́yìn náà, irin kan tí wọ́n tẹ̀ bí òṣùmàrè sórí ọ̀nà àbáwọlé, òun jẹ́ mítà 6. ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni kọntiróólà mi, WLED, ètò tó ń darí iná, ni mo gbé sórí rẹ̀. Inú ilé ló máa wà kí òjò má bàa pa á, nítorí náà wáyà tó máa ti ìdí rẹ̀ dé píksẹ́lì (ìyẹn iná kọ̀ọ̀kan tó ń dá yí àwọ̀) àkọ́kọ́ tó mítà 7.

Ohun tó dùn mí nínú èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe rèé. Téèpù WS2812B onífóòtì 5 (volt ni mò ń pè ní fóòtì, kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà) ni mo lò, 60 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ tí àlejò kún ilé, píksẹ́lì kan kú, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣókùnkùn. Mo kà á lọ́jọ́ kejì, píksẹ́lì 67 ni. Mítà kan àti díẹ̀ ló ń tàn, ìyókù òrùlé dúdú bí ẹni pé wọ́n gé e. Kó tó dọjọ́ yẹn gan-an, mo ti ń rí i pé tí mo bá tan funfun, ìbẹ̀rẹ̀ á funfun lóòótọ́, àárín á di ofeefee, ìparí á pọ́n bí ẹ̀yinná.

Ní báyìí ẹnìkan ní kí n ra WS2811, ẹlòmíì ní WS2815, ẹnìkẹta ní APA102 ló dára jù. Àwọn èèyàn sì máa ń fi fóònù ya fídíò ọ̀ṣọ́ yìí, mo fẹ́ kó hàn dáadáa níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ni kí n rà?

Afitílà

WS2815, ẹ má wò yíká. Ọ̀nà détà, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ àwọ̀ tí iná máa tàn, méjì ló ní. Bí píksẹ́lì kan bá kú, èyí tó tẹ̀ lé e á máa bá iṣẹ́ lọ. Ọdún kẹta rèé tí tèmi ti wà lókè, n ò tíì gun àkàbà nítorí píksẹ́lì kankan.

BabaWáyà

Àbẹ̀ní, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àìsàn méjì yẹn sọ́tọ̀, torí oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Èyí tó ṣókùnkùn láti 67 lọ, ọ̀rọ̀ détà ni. Lórí WS2812B, píksẹ́lì àkọ́kọ́ ló ń gba iṣẹ́ gbogbo wọn. Á mú bíìtì 24 tó jẹ́ tirẹ̀, á sì ti ìyókù sí èkejì, èkejì á mú tirẹ̀, á ti ìyókù síwájú, bí àwọn tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n ń fi garawa omi lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣubú láàárín ìlà, omi ò ní kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ń pọ́n, ọ̀rọ̀ fóòtì ni. LED pupa ń fẹ́ bíi fóòtì 2 kó tó tàn, ti ewé àti ti búlúù ń fẹ́ bíi 3. Bí iná ṣe ń rin inú bàbà pẹlẹbẹ tó wà lára téèpù, fóòtì ń dín kù. Búlúù ló kọ́kọ́ ń rẹ̀, ewé á tẹ̀ lé e, pupa ló ń dúró kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí funfun yín fi di ofeefee kó tó pọ́n. Kódà tí gbogbo píksẹ́lì yín bá pé, tí wọn ò kú títí ayé, ìyẹn á ṣì máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Mítà 18 lọ́nà 60 jẹ́ píksẹ́lì 1,080. WS2812B kan, tó bá tan funfun dé òkè, ẹ fi í sí mílíámpíà 60. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ámpíà 65 ní fóòtì 5! Bàbà téèpù tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ò lè gbé e. Ẹni tó bá sì dúró lójú títì tó ń wo etí òrùlé, kò ní mọ̀ bóyá 60 ló wà nínú mítà kan tàbí 10.

Ohun tí èmi máa ṣe fún òrùlé ni okùn gílóòbù WS2811 onífóòtì 12, irú èyí tí wọ́n ń tì bọ ihò mílímítà 12, tí 50 máa ń wà lórí okùn kan. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 15 sí àárín wọn, 120 péré lẹ máa lò fún mítà 18. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ gé e, ẹ so tuntun, wáyà mẹ́ta péré. Téèpù tó bá bàjẹ́ lábẹ́ sílíkónì, ẹ ó kọ́kọ́ bó o, ẹ ó wá máa fi áyọ́ọ̀nù tó ń yọ́ òjé wá ojú òjé tí kò tó èékánná lórí àkàbà.

Alẹ́Dára

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí BabaWáyà sọ, àmọ́ kí Àbẹ̀ní má lọ rò pé fóòtì 12 ń dín iná tí a ń jẹ kù. Nínú gílóòbù WS2811 onífóòtì 12 tó wọ́pọ̀ jù, rẹsísítọ̀, èròjà kékeré tó ń dènà iná, ló ń jẹ fóòtì tó ṣẹ́kù. Iye ámpíà tí onífóòtì 5 ń fà náà ni òun ń fà. Ẹ fi 12 dípò 5 sínú ìṣirò, wáàtì ti ju ìlọ́po méjì lọ, ìmọ́lẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ooru ni ìyókù. Ẹ tan ọ̀kan ní funfun fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ di í mú, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Nǹkan kejì: orúkọ WS2811 ń kó èèyàn sí wàhálà torí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ ẹ. Gílóòbù onífóòtì 5 wà, gílóòbù onífóòtì 12 wà, téèpù onífóòtì 12 náà wà. Lórí téèpù yẹn, ṣíìpù kan ló ń darí LED mẹ́ta pa pọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò jẹ iná dànù bíi gílóòbù, torí pé LED mẹ́ta yẹn tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n pín fóòtì 12 láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n lórí irin òṣùmàrè tí èèyàn máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ ó rí i pé àwọ̀ ń fò ní mẹ́ta-mẹ́ta, kò ní ṣàn.

BabaWáyà

Òótọ́ pọ́ńbélé. Mi ò sì sọ pé ó ń dín wáàtì kù o, mo kàn gbàgbé láti ṣàlàyé ìdí tí mo fi yàn án. Bí fóòtì kan bá sọnù lójú ọ̀nà, lára 5 ni tàbí lára 12, ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Èyí tó bá pàdánù kan lára 5 ti pàdánù ìdá márùn-ún, búlúù rẹ̀ á ti máa kú lọ. Èyí tó bá pàdánù kan lára 12, rẹsísítọ̀ tí ẹ ń bá wí yẹn ló máa jẹ ooru díẹ̀ kù, àwọ̀ ò ní yí. Ooru yẹn ni owó tí à ń san fún ọ̀nà jíjìn. Fún gílóòbù 120, mo gbà láti san án. Fún 2,000, màá tún un rò.

Olùyàwòrán

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti fídíò, torí iṣẹ́ mi nìyẹn.

LED wọ̀nyí kì í dín ìmọ́lẹ̀ kù ní tòótọ́, ńṣe ni wọ́n ń tàn tí wọ́n ń kú lemọ́lemọ́, ojú wa ni kò bá wọn sáré. WS2812B ti àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ WS2811 ń ṣe é ní nǹkan bí ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. WS2815 àti WS2812B tuntun ń ṣe é ní nǹkan bí 2,000. APA102 ju gbogbo wọn lọ, ó tó nǹkan bí 20,000, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi igi yíyípo kọ ọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. 

Tí fóònù bá ń ṣí ojú rẹ̀ fún ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá, ìtàn-kú 8 ló máa wọlé lára oní-400, àwòrán á dán. Tí fóònù bá sáré ṣí i tó sáré pa á, ká ní ìdá kan nínú 1,000, kò ní rí ìtàn-kú kan ṣoṣo tán, ìlà dúdú á máa rìn lórí àwòrán. Lálẹ́, fóònù kì í sáré bẹ́ẹ̀ torí òkùnkùn, àfi tí iná yín bá mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, fídíò lásán ò tó ìdí láti ra APA102.

Kí ẹ tún mọ èyí nípa APA102. Ó ní ètò ìmọ́lẹ̀ gbogbogbòò tó lọ láti 0 dé 31, ètò yẹn ò yára tó ìyókù rárá, nǹkan bí ìgbà 580 ni. Ẹni tó bá fi òun dín ìmọ́lẹ̀ kù ti sọ 20,000 tó tìtorí rẹ̀ ra ṣíìpù nù. Wáyà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ ti aago. Mítà 7 kí iná tó kan píksẹ́lì àkọ́kọ́? Ọ̀nà náà gùn jù fún aago yẹn. Orí pèpéle ni mo ti ń lò ó, kọntiróólà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an.

OníMítà

Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan ESP32 yẹn. Ṣíìpù yòówù kí ẹ rà, ibẹ̀ ni ìjà yín máa ti bẹ̀rẹ̀.

Fóòtì 3.3 ni ESP32 ń fi sọ̀rọ̀. WS2812B tí iná rẹ̀ jẹ́ 5 ń retí ìdá 70 nínú 100 kó tó gbà pé wọ́n pe òun, ìyẹn 3.5. Ẹ rí i pé kò pé. Nígbà míì á ṣiṣẹ́ lórí tábìlì torí wáyà kúrú, èèyàn á rò pé ó ti parí, á gbé e lọ síta, iná á bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo pààrọ̀ téèpù lẹ́ẹ̀mejì, mo pààrọ̀ páwà, píksẹ́lì àkọ́kọ́ ṣì ń tan búlúù fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó rán an. Ọjọ́ tí mo fi 74AHCT125 sí àárín, tó gbé 3.3 náà di 5, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ṣíìpù kékeré kan tí kò tó orí àtàǹpàkò!

Gílóòbù onífóòtì 12 náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iná rẹ̀ ló jẹ́ 12, détà rẹ̀ ṣì jẹ́ 5.

Ẹ fi rẹsísítọ̀ kan sí ojú ọ̀nà détà. Wáyà nẹ́gẹ́tíìfù kan gbọ́dọ̀ bá détà rìn láti kọntiróólà dé píksẹ́lì, kí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí okùn. Bí nẹ́gẹ́tíìfù páwà àti ti kọntiróólà ò bá so pọ̀, détà ò ní ibi tó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Afitílà

Rẹsísítọ̀ yẹn, ẹ̀gbẹ́ píksẹ́lì àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe ìdí kọntiróólà. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, ohm 470.

OníMítà

Lórí wáyà kúkúrú, ibi tó wù yín. Lórí mítà 7, mi ò gbà. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kó má jẹ́ kí ìró détà tó ti ìparí wáyà padà wá tún dé òpin kejì kó sì tún padà, ìdí ibi tí ìró ti ń jáde ló ti ń pa á, lẹ́yìn 74AHCT125 gan-an. Kó má sì pọ̀ jù, láti 33 dé 100 ohm ti tó. Mo fi 470 sí wáyà gígùn rí, ojú ìró ọ̀hún kú bí ojú abẹ tó ti kú.

Bí ọ̀nà bá tún gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gé píksẹ́lì kan ṣoṣo kúrò lára okùn, ẹ so ó sí àárín ọ̀nà. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan máa ń tún détà ṣe lákọ̀tun kó tó tì í síwájú, nítorí náà tirẹ̀ á di ibùdó ìsinmi. Ẹ kàn sọ fún WLED pé kó fo ẹni àkọ́kọ́ kó má baà tàn.

Àbẹ̀ní_Ọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mi ò mọ̀ pé téèpù mi kò jẹ̀bi gbogbo ohun tí mo kà sí i lọ́rùn. Mo ti gbà pé gílóòbù ni fún òrùlé. Ó ku irin òṣùmàrè. Èèyàn máa sún mọ́ ọn, mo fẹ́ 60 nínú mítà, 360 lápapọ̀. Ṣé WS2815 ni? Báwo ni ọ̀nà détà kejì yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an? Ẹlòmíì tún pè mí níkọ̀kọ̀ pé SK6812 ni kí n rà torí funfun rẹ̀ dára.

Afitílà

Ẹ wò ó báyìí. Píksẹ́lì WS2815 kọ̀ọ̀kan ní etí méjì. Etí kan ń gbọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Etí kejì ń gbọ́ ẹni tó wà níwájú ẹni yẹn. Bí ẹni iwájú bá kú, etí àkọ́kọ́ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, etí kejì á gba iṣẹ́, ìlà á máa lọ. Ẹni tó kú nìkan ló máa dúdú. Bí àwọn méjì tó fara kanra bá kú pa pọ̀, ó tán, ìyókù á ṣókùnkùn bíi ti WS2812B yín.

OníMítà

Kí n fi mẹ́ta kún ti Afitílà.

Ìkíní, píksẹ́lì àkọ́kọ́ kò ní ẹnì kankan níwájú tí etí kejì rẹ̀ máa gbọ́. Ẹ so etí yẹn, BI ni wọ́n ń kọ sára téèpù, mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa fò kiri. Bí ẹ bá sì gé téèpù láàárín kí ẹ tó tún un so, wáyà mẹ́rin ni kí ẹ so, kì í ṣe mẹ́ta. Mo ti rí ẹni tó so mẹ́ta ní gbogbo oríkèé, tó wá ń bínú pé ọ̀nà kejì ò ṣiṣẹ́.

Ìkejì, fóòtì 12 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ détà lórí téèpù yẹn, àlàfo wọn ò ju mílímítà díẹ̀ lọ. Bí òjé bá ṣàn kan ara wọn, 12 á gba ojú ọ̀nà détà padà lọ pa 74AHCT125 yín, ó lè pa ESP32 mọ́ ọn. Ẹ pa iná kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó tan án.

Ìkẹta, mo wọn tèmi. Pupa nìkan fà ámpíà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti funfun. LED mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú píksẹ́lì kan tò tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀, nítorí náà pípa méjì kò dín iná kù bí ẹ ṣe máa rò. Lórí WS2812B, pupa nìkan á fà ìdá mẹ́ta ti funfun. Ẹ fi mílíámpíà 15 sí píksẹ́lì WS2815 kọ̀ọ̀kan nínú ìṣirò, àwọ̀ yòówù kí ẹ tàn.

Alẹ́Dára

Ìkẹta yẹn gan-an ni ìdí tí èmi fi padà sí WS2812B onífóòtì 5 fún nǹkan tó wà nítòsí. Ọ̀ṣọ́ mi kì í tan funfun, àwọ̀ kan tàbí méjì ni. Iná tí mò ń jẹ kéré sí ti WS2815.

Afitílà

Ẹ̀yin lẹ ní irin tó kéré. Mítà 6 ní fóòtì 5, ojú mélòó lẹ máa ti fi wáyà páwà kún un? Èmi ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan ni.

FunfunNini

Lórí SK6812, ẹni tó pe Àbẹ̀ní kò purọ́, kàn sọ ìdajì ni.

Funfun tí pupa, ewé àti búlúù ń dà pọ̀ ṣe máa ń tutù, á sì ní àwọ̀ búlúù tàbí òdòdó lábẹ́. Bó bá kan ara ènìyàn tàbí òdòdó inú ọgbà, kò dùn ún wò. SK6812 aláwọ̀ mẹ́rin ní LED funfun tirẹ̀ gidi, ẹ lè yan èyí tó móoru bíi ti fìtílà. Mo fi sí àbáwọlé ibì kan, ojú àwọn tó ń wọlé tàn dáadáa.

Ṣùgbọ́n bíìtì rẹ̀ jẹ́ 32 dípò 24. Píksẹ́lì WS2812B kan ń gba máíkírósẹ́kọ́ǹdì 30, ti SK6812 ń gba 40. Ẹni tó bá ń fi xLights (ètò kọ̀ǹpútà fún ọ̀ṣọ́ iná) rán an lórí E1.31 (ọ̀nà tí détà iná ń gbà kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ní láti rántí pé ojúlé oníkánẹ́ẹ̀lì 512 tó ń gba píksẹ́lì 170 aláwọ̀ mẹ́ta, 128 péré ló ń gbà nínú ti mẹ́rin. Fóòtì 5 ló sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn.

Bí òṣùmàrè yín bá wà fún àwọ̀ tó ń ṣàn, SK6812 ò pọn dandan. Bó bá jẹ́ láti tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú àlejò, mi ò ní lo nǹkan míì.

BabaWáyà

Ká má gbàgbé páwà, torí ibẹ̀ ni iná ti ń jó ilé.

Gílóòbù 120, ẹ fi mílíámpíà 55 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ámpíà 6.6. Píksẹ́lì WS2815 360 lọ́nà 15: ámpíà 5.4. Ó di 12 géérégé, wáàtì 144. Páwà onífóòtì 12 tó jẹ́ wáàtì 200 á gbé e láìmí gúlegúle. Àǹfààní míì tún rèé pé méjèèjì jẹ́ fóòtì 12: páwà kan náà ló ń bọ́ wọn.

Fi wáyà tó nípọn gbé iná láti páwà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ okùn kọ̀ọ̀kan, má jẹ́ kí okùn kan máa mu iná látinú òmíràn. Fi fíúsì sí ẹsẹ̀ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, èyí tó tó ẹ̀ka yẹn, kì í ṣe èyí tó tó gbogbo páwà. Wáyà tín-ín-rín tó kan ara wọn nínú omi lè fa ámpíà 8 fún wákàtí kan, páwà onífóòtì 12 kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, rọ́bà wáyà ni yóò mọ̀.

Bí ẹ bá lo páwà méjì lọ́jọ́ iwájú, ẹ so nẹ́gẹ́tíìfù wọn pọ̀. Pósítíìfù wọn ò gbọdọ̀ pàdé. Ibi tí ti ọ̀kan parí sí, ẹ gé ojú pósítíìfù okùn níbẹ̀ kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀.

Alẹ́Dára

WLED náà ní ibi tí ẹ lè kọ iye ámpíà tí páwà yín ní sí, á máa dín ìmọ́lẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà kọjá ibẹ̀. Mílíámpíà 850 ló máa ń wà níbẹ̀ látilẹ̀, ẹ yí i. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé LED wọn ò mọ́lẹ̀. Ìṣirò ni o, kì í wọn nǹkan kan. Fíúsì ṣì gbọ́dọ̀ wà.

FunfunNini

Téèpù tó wà nínú ọ̀pá sílíkónì ni kí ẹ lò níta. Èyí tí wọ́n da gọ́ọ̀mù líle lé lórí máa ń pọ́n nínú oòrùn, á sì sán. Ẹ dí orí méjèèjì ọ̀pá náà, omi máa ń gba ibẹ̀ wọlé ju ibi tí ojú rí lọ.

Àbẹ̀ní_Ọ̀ṣọ́

Mo ti padà dé. Mo tò gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ nínú yàrá kí n tó gbé àkàbà.

Gílóòbù WS2811 onífóòtì 12, 120, WS2815 mítà 6. Mo fi ẹsẹ̀ détà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ESP32 gbé wọn, okùn kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, bí òṣùmàrè bá kú òrùlé á ṣì tàn. 74AHCT125 wà níbẹ̀, rẹsísítọ̀ 68 ohm lẹ́yìn rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ so gílóòbù 120 tẹ̀ lé ara wọn, mo tan funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Mítà ka 11.9 ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ka 8.7 ní ìparí, mo sì rí i pé funfun ti ń rẹ̀ níbẹ̀. Mo fi wáyà páwà kejì kún un ní ìparí, fíúsì lórí rẹ̀: àárín ló wá kéré jù, 11.1, ojú mi ò rí ìyàtọ̀ mọ́ láti òkè délẹ̀.

Mo tún dán etí méjì yẹn wò. Mo mú abẹ́rẹ́, mo ba píksẹ́lì kan jẹ́ lára téèpù tó kù tí mi ò lò. Òun nìkan ló dúdú. Mo ń wò ó, inú mi dùn kọjá sísọ. Mo ba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́, gbogbo ìyókù kú, bí Afitílà ṣe wí.

Ohun kan ló kù. Mo ní kí òrùlé tan pupa, ó tan pupa. Mo ní kí òṣùmàrè tan pupa, ewé ló tàn.

OníMítà

Ètò àwọ̀ ni, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ gílóòbù WS2811 ń ka pupa ṣáájú, àwọn tó wà nínú ìdílé WS2812B sábà máa ń ka ewé ṣáájú. Ẹ wọ WLED, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti ń yan èyí tirẹ̀. Ẹ yí ti òṣùmàrè nìkan, láti RGB (pupa ṣáájú) sí GRB (ewé ṣáájú) tàbí òdì kejì. Lẹ́yìn náà ẹ tan pupa, ewé àti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ fi ojú rí i.

BabaWáyà

Kí ẹ tó kó wọn sókè, ẹ ra okùn gílóòbù kan sí i nísinsìnyí, lára ìpín kan náà. Èyí tí ẹ bá rà lẹ́yìn ọdún kan lè jẹ́ WS2811 pẹ̀lú kó má bá àwọ̀ ti ìsinsìnyí mu. Funfun rẹ̀ á máa fi ara rẹ̀ hàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́.

Àbẹ̀ní_Ọ̀ṣọ́

GRB ni lóòótọ́, mo yí i, pupa ti di pupa. Okùn àfikún ti wà nílé, mo ti kọ "òrùlé" sára àpò rẹ̀. Ọ̀la ni mo máa gun òkè, màá fi àwòrán síbí.